Iye Tí A Kò Tún Kà: Àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, Ìfàjẹ̀sínilára àti Ìṣirò Ọdún 1989

Ìfáárà

Ní ọdún 1990, Àjọ Watch Tower, tí ń tẹ ìwé fún àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà, gbé ìwé pẹlẹbẹ kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Àkọlé rẹ̀ ní èdè Yorùbá ni Báwo Ni Ẹ̀jẹ̀ Ṣe Lè Gba Ẹ̀mí Rẹ Là? Ìwé náà kò gùn, èdè rẹ̀ sì yé tọmọdé tàgbà. Lára ohun tí ó sọ ni pé nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 àwọn tí a ń fa ẹ̀jẹ̀ sí lára ní Amẹ́ríkà ni ó ń kó àrùn mẹ́dọ̀wú, pé iye wọn jẹ́ 175,000 lọ́dún, àti pé a fojú bù ú pé 4,000 nínú wọn ni yóò kú. Inú ìwé ìròyìn U.S. News & World Report ti oṣù Karùn-ún ọdún 1989 ni àwọn òǹkọ̀wé náà ti mú iye wọ̀nyí. Kí ọ̀rọ̀ lè wọ òǹkàwé lára, wọ́n fi àwọn òkú náà wé èrò inú ọkọ̀ òfurufú ràgàjì kan tí ń já lulẹ̀ lóṣooṣù.

Wọn kò hùmọ̀ iye náà. Ìwé ìròyìn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì bá ohun tí àwọn oníṣègùn ń bẹ̀rù nígbà náà mu. Ohun tí ó yẹ fún àyẹ̀wò onítàn ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà. Ayé tí ó bí iye yẹn kọjá lọ láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n iye náà dúró sínú ìwé bí ó ti wà, ó sì kọjá láti èdè kan sí òmíràn. Àpilẹ̀kọ yìí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé ìlànà ìjọ náà lórí ẹ̀jẹ̀ yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nígbà tí ìṣirò tí a fi ṣe ẹ̀rí fún un kò yí padà, àti pé ìyàtọ̀ yìí ni ó fi iṣẹ́ tí ìṣirò náà ń ṣe hàn.

Ẹ̀kọ́ náà kí ìṣirò tó wọ̀ ọ́

Charles Taze Russell bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìwé ìròyìn tí a mọ̀ sí Ilé Ìṣọ́ ní ọdún 1879, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ sì gba orúkọ Ẹlẹ́rìí Jèhófà ní ọdún 1931. Ní gbogbo àkókò yẹn, kò sí òfin kankan láàárín wọn lórí ìfàjẹ̀sínilára. Kódà, ní oṣù Kejìlá ọdún 1940, ìwé ìròyìn wọn Consolation ròyìn dókítà kan tí ó fa ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ fún obìnrin kan tí ó fara gbọgbẹ́ gidigidi, ó sì fi ìyìn sọ pé obìnrin náà yè.

Ọdún 1945 ni nǹkan yí padà. Ilé Ìṣọ́ ti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún náà kéde pé gbígba ẹ̀jẹ̀ sára lòdì sí òfin Ọlọ́run. Orí ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta ni wọ́n gbé e kà jù: Gẹnẹsísì 9:4, níbi tí a ti kọ ẹ̀jẹ̀ jíjẹ fún Nóà; Léfítíkù 17, tí ó sọ pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀mí ẹran ara wà; àti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:29, níbi tí àwọn àpọ́sítélì ti ní kí àwọn onígbàgbọ́ ta kété sí ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 1961, ìjọ pinnu pé ẹni tí ó bá gba ẹ̀jẹ̀ tí kò sì ronú pìwà dà, a ó yọ ọ́ lẹ́gbẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kọ́ ni ìgbà àkọ́kọ́ tí ìjọ náà bá oníṣègùn fà á. Ní ọdún 1931, ìwé ìròyìn wọn The Golden Age sọ pé abẹ́rẹ́ àjẹsára rú májẹ̀mú tí Ọlọ́run bá Nóà dá. Ní ọdún 1952, Ilé Ìṣọ́ dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́wọ́ oníkálukú. Bákan náà ni pípààrọ̀ ẹ̀yà ara: ní ọdún 1967 a fi wé jíjẹ ẹran ara ènìyàn, ní ọdún 1980 a sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn. Àwọn àpẹẹrẹ yìí fi hàn pé ìjọ náà lè tún ohun tí ó ti kọ yẹ̀ wò, kí ó sì kéde àtúnṣe náà ní gbangba.

Àṣẹ tí ó ti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run wá kò nílò ìṣirò. Bí Ìwé Mímọ́ bá ní kí á má ṣe é, ìyẹn tó fún onígbàgbọ́. Ṣùgbọ́n dókítà, adájọ́ àti ẹbí tí kò sí nínú ìjọ náà ń béèrè ìdí mìíràn, àwọn ọmọ ìjọ tí ẹ̀rù ń bà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn pẹ̀lú sì ń fẹ́ ìtùnú pé ohun tí Ọlọ́run kọ̀ kò dára fún ara. Ní ọdún 1961, ìtùnú náà wọ aṣọ àjèjì: Ilé Ìṣọ́ tẹ ọ̀rọ̀ àwọn dókítà kan tí wọ́n gbà pé ìwà ẹni, títí kan ìwà ipá àti olè jíjà, lè bá ẹ̀jẹ̀ wọ ara ẹlòmíràn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1977, tí wọ́n tẹ ìwé mìíràn fún àwọn dókítà àti àwọn amòfin, irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ti ń pòórá. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ni wọ́n ń tọ́ka sí báyìí. Báyìí ni ìṣirò ṣe gba àyè ẹlẹ́rìí kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé Mímọ́.

Iye tí ó tọ́ nígbà tirẹ̀

Kò yẹ kí á fi ọgbọ́n òní dá ẹni àná lẹ́jọ́. Karl Landsteiner ti fi oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ hàn ní ọdún 1901, ogun àgbáyé méjèèjì sì sọ ìfàjẹ̀sínilára di iṣẹ́ ojoojúmọ́, ṣùgbọ́n ewu pọ̀ nínú rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ilé ìwòsàn ń lò ni a ń rà lọ́wọ́ ẹni tí owó ń wá: tálákà, ọ̀mùtí, ẹlẹ́wọ̀n. Ẹni tí owó ń wá kò ní sọ pé ara òun kò dá. Nígbà tí Harvey Alter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìlera ìjọba Amẹ́ríkà ní Bethesda ṣe àyẹ̀wò àwọn tí a ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, wọ́n rí i pé ó lé ní ìdá 30 nínú 100 tí ó ń kó mẹ́dọ̀wú lẹ́yìn gbígba ẹ̀jẹ̀.

Ohun méjì mú iye yẹn wálẹ̀. Èkíní ni kíkọ ẹ̀jẹ̀ rírà sílẹ̀. Richard Titmuss, onímọ̀ àwùjọ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, jà fún èyí nínú ìwé rẹ̀ The Gift Relationship ní ọdún 1970, níbi tí ó ti fi ẹ̀jẹ̀ tí a fi tọrẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé ẹ̀jẹ̀ tí a ń tà ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni àyẹ̀wò fún mẹ́dọ̀wú B, tí ìwádìí Baruch Blumberg ṣí ọ̀nà fún, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1976. Láàárín àkókò kúkúrú, iye tí Alter ń rí wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 10. Síbẹ̀, àrùn mẹ́dọ̀wú kan tí kì í ṣe A, tí kì í sì í ṣe B, ṣì ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn láìsí ẹni tí ó lè dá a mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni àrùn éèdì dé. Wọ́n kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọdún 1981, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un kò sì sí títí di oṣù Kẹta ọdún 1985. Láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kó o nínú ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń tọ́jú wọn, pàápàá àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó ní ọdún 1989 láti kọ ìwé nípa ewu ẹ̀jẹ̀ ní ìdí gidi láti bẹ̀rù.

Ọdún tí ìwé àti àyẹ̀wò jọ dé

Ohun tí ó mú ìtàn yìí ṣàjèjì ni bí àkókò ṣe pàdé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1989, Michael Houghton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé àwọn ti rí kòkòrò tí ń fa mẹ́dọ̀wú tí kò lórúkọ náà. Wọ́n pè é ní C. Ní ọdún 1990, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún un bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọdún kan náà ni ìwé pẹlẹbẹ Watch Tower jáde. Bí òǹkàwé àkọ́kọ́ ṣe ń ṣí ìwé náà, ohun tí yóò sọ 175,000 di ìtàn ti wọ ilé iṣẹ́ àyẹ̀wò. Àyẹ̀wò tí ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ tẹ̀ lé e ní ọdún 1992. Ní ọdún 1999, èyí tí ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀ dípò ohun tí ara fi ń bá a jà bẹ̀rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn èyí, ewu kíkó mẹ́dọ̀wú C tàbí HIV kò ju nǹkan bí ẹyọ kan nínú mílíọ̀nù kan sí méjì àpò ẹ̀jẹ̀ lọ. Alter àti Houghton wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 2020.

Òótọ́ ni pé ìwọ̀n méjèèjì yàtọ̀: iye aláìsàn ni ti 1989 ń kà, iye àpò ẹ̀jẹ̀ ni ti ìkẹyìn yìí. Ṣùgbọ́n kódà bí aláìsàn kan bá gba àpò mẹ́wàá, ewu rẹ̀ kò sún mọ́ ẹnì kan nínú ogún tí ìwé pẹlẹbẹ náà ń sọ. Síbẹ̀, ìwé náà kò yí iye rẹ̀ padà. Nígbà tí àjọ náà gbé àwọn ìwé rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, 175,000 àti 4,000 bá a dé ibẹ̀.

Láàárín àkókò kan náà, ìlànà ìjọ fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Ní ọdún 1978, Ilé Ìṣọ́ ti fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kì í tètè dì bóyá wọ́n fẹ́ gba oògùn amẹ́jẹ̀dì tí a yọ lára ẹ̀jẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2000, ó ṣàlàyé pé ohun mẹ́rin ni a kò gbọdọ̀ gbà: sẹ́ẹ̀lì pupa, sẹ́ẹ̀lì funfun, èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, àti omi inú ẹ̀jẹ̀. Ohunkóhun tí a bá tún yọ lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí ọkàn.

Ìpinnu ọdún 1978 yẹn ṣe pàtàkì fún onítàn. Ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni a ń dà pọ̀ láti ṣe oògùn amẹ́jẹ̀dì nígbà náà, nítorí náà òun ni ó léwu jù lọ nínú gbogbo ohun tí a ń ti ara ẹ̀jẹ̀ ṣe, òun náà sì ni éèdì gbà pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ìberù àrùn ni ó ń darí ìlànà ìjọ, oògùn yìí ni ìbá kọ́kọ́ di èèwọ̀, kì í ṣe òun ni ìbá kọ́kọ́ di ohun àyè. Ìtumọ̀ Ìwé Mímọ́ ni ó ń darí ìlànà. Ìṣirò àrùn kàn ń tẹ̀ lé e láti ràn án lọ́wọ́ ni, kò sì sí ẹni tí ń béèrè ọjọ́ orí olùrànlọ́wọ́ tí kò ní àṣẹ.

Àwọn kan béèrè. Osamu Muramoto, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, kọ ọ̀wọ́ àpilẹ̀kọ láti ọdún 1998 lórí ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ó jẹ́ Ẹlẹ́rìí láti gbọ́ tọ̀tún tòsì kí ó tó pinnu. Ní ọdún 2005, amòfin Kerry Louderback-Wood tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde nínú Journal of Church and State, níbi tí ó ti gbé ìwé pẹlẹbẹ ọdún 1990 yẹ̀ wò. Ó jiyàn pé òmìnira ẹ̀sìn dáàbò bo ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n pé ẹni tí ó bá ṣi òótọ́ ìṣègùn sọ fún ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e lè jẹ́jọ́ rẹ̀ bí ẹlòmíràn.

Àwọn òkú tí ìṣirò náà kò kà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ. Àbùkù ìṣirò ọdún 1989 ju pé ó ti gbó lọ. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ pa nìkan ni ó kà. Kò ka ẹni tí àìrí ẹ̀jẹ̀ gbà pa. Ọkọ̀ òfurufú kan ń já nínú ìwé náà lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ kankan fún àwọn tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n sì kú.

A lè kà wọ́n. Ní ọdún 2001, àwọn dókítà ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York tẹ àbájáde ìwádìí lórí 332 obìnrin Ẹlẹ́rìí tí wọ́n bímọ níbẹ̀, ìbímọ 391 lápapọ̀. Méjì nínú wọn kú, iye tí ó jẹ́ ìlọ́po 44 ti àwọn aboyún yòókù ní ilé ìwòsàn náà. Ní ọdún 2009, ìwádìí tí ó kárí ilẹ̀ Netherlands rí i pé ewu ikú àwọn aboyún Ẹlẹ́rìí jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà. Ní ọdún 2002, Jeffrey Carson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí 300 aláìsàn tí wọ́n kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ìgbàgbọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wọn sì ti lọ sílẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nínú àwọn tí ìwọ̀n èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ wọn wà láàárín gíráàmù 7.1 sí 8.0 fún dẹ́sílítà, ẹnì kankan kò kú. Nínú àwọn tí tiwọn wà láàárín 4.1 sí 5.0, ó lé ní ìdá 34 nínú 100 tí ó kú.

Àwọn iye yìí ń sọ̀rọ̀ sí ìhà méjèèjì, ó sì yẹ kí á gbọ́ méjèèjì. Àwọn Ẹlẹ́rìí ti fipá mú oníṣègùn láti ronú. Denton Cooley, oníṣẹ́ abẹ ọkàn ní Texas, ròyìn ní ọdún 1977 pé òun àti ẹlẹgbẹ́ òun ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún 542 Ẹlẹ́rìí láìfa ẹ̀jẹ̀ sí wọn lára, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì yè. Ní ọdún 1999, ìwádìí ńlá kan ní Kánádà fi hàn pé ọ̀pọ̀ aláìsàn tí ara wọn kò le kò nílò ẹ̀jẹ̀ títí èròjà pupa wọn yóò fi wálẹ̀ sí 7. Àwọn dókítà ń fa ẹ̀jẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ nígbà kan, ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín 7 àti 4. Ẹni tí ó wà ní 7 lè dúró. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kọjá láti 7 dé 4 kí wọ́n tó parí àdúrà. Ìṣirò mẹ́dọ̀wú kò ní nǹkan kan láti sọ fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìṣirò wọ èdè Yorùbá

Ẹ̀kọ́ Watch Tower kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. William R. Brown, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Bible Brown, dé Freetown ní ọdún 1923, ó sì kó wá sí Èkó ní ọdún 1930. Lónìí, àwọn Ẹlẹ́rìí ní Nàìjíríà ju 300,000 lọ, Ilé Ìṣọ́ àti Jí! sì wà lára àwọn ìwé tí a ń tẹ̀ ní èdè Yorùbá. Àwọn atúmọ̀ èdè wọn mọṣẹ́, àmì ohùn wọn pé, èdè wọn sì já gaara. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí onímọ̀ Yorùbá fi ojú èdè wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìṣirò nígbà tí ó bá wọ inú èdè wa.

Bí a bá sọ ní Yorùbá pé "àwọn tí ó gba ẹ̀jẹ̀ máa ń kó mẹ́dọ̀wú," ibá-ìṣẹ̀lẹ̀ bárakú ni a lò. "Máa ń" kò ní ọjọ́. Òun náà ni a fi ń sọ pé oòrùn máa ń là, pé ẹ̀ẹ̀rùn máa ń tẹ̀ lé òjò. Iye tí a so mọ́ ọn di ìṣe ayé, ó kúrò ní ìròyìn oṣù kan ní orílẹ̀-èdè kan. Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú ìlò yìí, ṣùgbọ́n òǹkàwé Amẹ́ríkà ní ọdún 1990 mọ ìwé ìròyìn tí a tọ́ka sí, ó sì lè wá òmíràn rà lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Òǹkàwé ní Ṣakí tàbí Ìkàrẹ́ kò ní ohun tí yóò fi díwọ̀n rẹ̀. Lójú rẹ̀, "Amẹ́ríkà" nínú gbólóhùn náà tilẹ̀ ń bu iyì kún ẹ̀rù: bí ó bá rí báyìí lọ́dọ̀ wọn, báwo ni yóò ti rí lọ́dọ̀ wa?

Ìbéèrè yẹn tọ́, ó sì ní ìdáhùn tirẹ̀. Ìwádìí tí ó kárí Nàìjíríà ní ọdún 2018 rí i pé láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 64, ìdá 8.1 nínú 100 ni ó ní mẹ́dọ̀wú B, ìdá 1.1 ní C, nǹkan bí ìdá 1.4 sì ní HIV. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ṣì gbára lé ẹ̀jẹ̀ tí ẹbí aláìsàn sáré wá, tàbí èyí tí wọ́n rà. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ tí a kò yẹ̀ wò dáadáa léwu ní Nàìjíríà ju bí ó ti rí ní Amẹ́ríkà lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí náà ni obìnrin púpọ̀ ti ń kú nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó dà lẹ́yìn ìbímọ, tí ibà ń fa ẹ̀jẹ̀ ọmọdé gbẹ, tí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì pọ̀. Ìṣirò tí yóò ṣe òǹkàwé yìí láǹfààní gbọ́dọ̀ gbé ewu méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan. Ìwé Amẹ́ríkà ọdún 1989 kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Bákan náà, ìtọ́jú tí ìṣirò ilé wa ń tọ́ka sí hàn kedere: ẹ̀jẹ̀ ọrẹ àti àyẹ̀wò tí ó péye, iṣẹ́ tí òfin ọdún 2021 gbé lé Àjọ Ọ̀rọ̀ Ẹ̀jẹ̀ ti Orílẹ̀-èdè lọ́wọ́.

Ilé-ẹjọ́ pẹ̀lú ti dá sí i. Ní ọdún 2001, nínú ẹjọ́ ìgbìmọ̀ ìbáwí àwọn dókítà pẹ̀lú Okonkwo, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ gbà pé àgbàlagbà tí orí rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti kọ ẹ̀jẹ̀, bí ikú tilẹ̀ wà níbẹ̀, dókítà tí ó bọ̀wọ̀ fún ìpinnu náà kò sì jẹ̀bi. Ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ kan náà gbà pé òbí kò lè fi ìgbàgbọ́ tirẹ̀ dí ẹ̀mí ọmọ ìkókó lọ́nà, àti pé ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí a fa ẹ̀jẹ̀ fún un. Orí yíyàn ni ìdájọ́ àkọ́kọ́ dúró lé. Yíyàn kò sì lè dára ju ìmọ̀ tí a fi ṣe é lọ.

Àgbálọgbábọ̀

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Òwe yìí kò bu Ifá kù. Ohun tí ó ń sọ ni pé a kì í fi ìdáhùn àná ṣe ìdáhùn òní láìtún béèrè. Watch Tower tún béèrè lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọdún 1952, lórí ẹ̀yà ara ní ọdún 1980, lórí àwọn èròjà ẹ̀jẹ̀ ní ọdún 2000. Ìṣirò nìkan ni a kò tún dá lẹ́yìn ọdún 1989. Ìgbàgbọ́ náà kì bá má pàdánù nǹkan kan bí a bá tún un kà, nítorí pé orí ìṣirò kọ́ ni ó dúró lé.

Ẹni tí ó pàdánù ni aláìsàn. Ẹni tí ó kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15 mọ ohun tí ó ń fi sílẹ̀ àti ẹni tí ó ń fi í sílẹ̀ fún. Òfin Nàìjíríà bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń ṣe méjì lórí ibùsùn, tí ó wá kọ ẹ̀jẹ̀ nítorí ọkọ̀ òfurufú tí ń já lóṣooṣù, ẹ̀rù ohun tí ó ti kọjá ni ó ń bà á. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé àyẹ̀wò ti dé láti ọdún tí wọ́n tẹ ìwé náà.